Ìtàn ká-ní: bí a bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ìtẹ́ àti ọmọ ogun Róòmù tò, ọdún wo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀tàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mò ń kọ ìtàn ká-ní kan lọ́wọ́, irú èyí tí òǹkọ̀wé máa ń yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tí yóò sì máa tẹ̀ lé e lọ síbi tó bá gbé e dé. Ohun tí mo fẹ́ yí padà ni bí àwọn ará Róòmù ṣe ń fi olú-ọba jẹ ní apá ìparí ìjọba wọn, àti bí wọ́n ṣe to àwọn ọmọ ogun wọn. Láti ọdún 235, nígbà tí àwọn ọmọ ogun pa Severus Alexander àti ìyá rẹ̀ nítòsí Mogontiacum lẹ́bàá odò Rhine, títí di ọdún 284 tí Diocletian gorí ìtẹ́, olú-ọba tó lé ní ogún ni wọ́n jẹ, díẹ̀ péré nínú wọn ló sì kú lórí ibùsùn rẹ̀.

Àbá mi ni pé kí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 305, ọjọ́ tí Diocletian àti Maximian, olú-ọba méjì tó jọ ń ṣàkóso, fúnra wọn fi ìtẹ́ sílẹ̀. Nínú ìwé tèmi, Diocletian yóò ṣòfin pé olú-ọba kankan kò gbọdọ̀ fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ sípò. Ẹni tó bá tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ni kí ó gbà ṣọmọ, kí ó kọ́kọ́ fi í jẹ Késárì, ìyẹn igbákejì olú-ọba, kí ó tó di Augustus, olú-ọba gan-an. Mo rò pé ogun abẹ́lé yóò dáwọ́ dúró pẹ̀lú òfin yìí. Ẹ bá mi tú u wò, ẹ má sì ṣàánú mi.

Bàbá Olùkọ́

Àbúrò mi, àbá rẹ dùn létí, àmọ́ ọjọ́ tí o yàn gan-an ni ẹlẹ́rìí tí yóò ta kò ọ́. Ohun tí o fẹ́ kí Diocletian ṣe ní ọdún 305, ó ti ṣe é tán. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ogun tó péjọ lẹ́yìn odi Nicomedia ń wojú Constantine, ọmọ Constantius tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olú-ọba, torí wọ́n gbà pé òun ni Késárì tuntun. Severus àti Maximinus Daia ni wọ́n dárúkọ. Maxentius, ọmọ Maximian, kò rí nǹkan kan gbà bákan náà. Ọmọ bíbí méjì ni wọ́n fò kọjá, ètò náà kò sì lo ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ. Constantius kú sí Eboracum ní Britannia ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 306, àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó gbé Constantine ga. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà ní ìlú Róòmù ti fi Maxentius jẹ tiwọn.

Ní ọdún 308, wọ́n ní láti lọ bẹ Diocletian kúrò nínú ọgbà rẹ̀ wá sí ìpàdé ní Carnuntum létí odò Danube. Wọ́n ní kó padà sórí ìtẹ́. Èsì tí wọ́n ròyìn pé ó fọ̀ ni pé, bí wọ́n bá lè rí kábéèjì tí òun fi ọwọ́ ara òun gbìn ní Salona, wọn kò ní dábàá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún òun. Mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ kábéèjì yìí, ṣùgbọ́n ìrora ló wà lábẹ́ rẹ̀: ẹni tó dá ètò náà sílẹ̀ ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ ló sì ṣe tó fi fọ́.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí ìgbà Trajan àti Hadrian pé ìgbàṣọmọ ló mú ìlú tòrò. Ẹ wò ó dáadáa. Nerva, Trajan, Hadrian àti Antoninus Pius, kò sí èyí tó ní ọmọkùnrin tó wà láàyè lọ́jọ́ tó yan àrólé. Nerva pàápàá kò yan Trajan ní ọdún 97 títí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin fi ká a mọ́lé. Ẹni àkọ́kọ́ tó ní ọmọkùnrin láàyè nínú wọn ni Marcus Aurelius, Commodus ọmọ rẹ̀ náà ló sì gbé ìtẹ́ fún. Àìrọ́mọ ni wọ́n ń pè ní òfin.

Agbẹjọ́rò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Olùkọ́ sọ, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí kan kún un. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 365, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Procopius gbàjọba ní Constantinople mọ́ Valens, olú-ọba Ìlà-oòrùn, lọ́wọ́. Kò ní owó tó pọ̀, kò sì ní ọmọ ogun púpọ̀. Ohun tó ní ni pé ó bá olú-ọba Julian olóògbé tan. Kí ó lè fìdí ìbátan náà múlẹ̀, ó mú Faustina, opó olú-ọba Constantius Kejì, dání pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣì kéré jọjọ, ó ń gbé wọn kiri lójú ogun kí àwọn ọmọ ogun lè máa rí wọn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi da Valens láàmú kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí. Àwọn ọmọ ogun tó lè tẹ̀ lé ọmọ ọwọ́ lọ sójú ogun nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, òfin wo lo fẹ́ kà sí wọn létí pé ẹ̀jẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan? Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé: nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí Adélù tó jẹ́ Àrẹ̀mọ sì gorí ìtẹ́ dípò kí ó bá baba rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ ọ́, ó sì di ogun. Ẹni bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àrólé, kó yáa mọ ẹni tí yóò bínú.

Nítorí náà, má ṣe ṣòfin tó fi ọmọ bíbí sẹ́yìn. Òfin tó ní kí ọmọ bíbí dàgbà ná ni kí o ṣe. Lábẹ́ òfin Róòmù, ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ti kú máa ń wà lábẹ́ alágbàtọ́ títí yóò fi pé ọdún 14, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè fi alábòójútó dúkìá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi pé ọdún 25. Bí ọmọ ọdún 24 bá ta oko bàbá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, adájọ́ lè gba oko náà padà fún un. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin lè jẹ olú-ọba, kí wọ́n sì máa fi orúkọ rẹ̀ ṣòfin fún àwọn àgbàlagbà. Wọ́n ṣètò alágbàtọ́ fún oko, wọn kò ṣètò adelé fún ìjọba.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ìtàn rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni Amiens, ní Gaul (ilẹ̀ Faransé òde òní), ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 367. Àìsàn dá Valentinian Kìíní, olú-ọba Ìwọ̀-oòrùn, gúnlẹ̀ débi pé àwọn ará Gaul tó wà láàfin ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé Rusticus Julianus làwọn fẹ́. Àwọn mìíràn ní Severus, ọ̀gágun àgbà àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ló yẹ. Ara Valentinian yá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ó mú Gratian ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, síwájú àwọn ọmọ ogun, ó sì fi í jẹ Augustus lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé èyí ta àṣà yọ, torí Késárì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ọmọdé jẹ tẹ́lẹ̀.

Wo ohun tó jáde láti inú ọjọ́ kan yẹn. Valentinian Kejì jẹ Augustus ní ọdún 375 lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Honorius jẹ ẹ́ ní ọdún 393 lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, Theodosius Kejì ní ọdún 402 nígbà tí kò tíì pé ọdún kan, Valentinian Kẹta ní ọdún 425 lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ ọmọdé tí kò tíì tẹ èkù idà, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a di idà náà mú. Ká ní ohun tí Valentinian sọ ní Amiens ni pé, “Késárì ni ọmọ mi títí yóò fi pé ọdún 25, Augustus tó bá wà láàyè ni yóò sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà,” kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà, torí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ sì wo èyí: ìgbà tí wọ́n pa Gratian ní Lyon ní oṣù Kẹjọ ọdún 383, ọmọ ọdún 24 ni.

Akọ̀tàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo ti ń rí ọ̀nà. Ìbéèrè tó kù mí kù ni pé, ta ni yóò dá ẹni tó bá rú òfin náà dúró? Òfin tí olú-ọba kan bá ṣe, olú-ọba mìíràn lè pa á rẹ́, àwọn ọmọ ogun kò sì mọ̀wé kà.

Owó Ni Kókó

Wọn kò mọ̀wé kà, àmọ́ wọ́n mọ owó kà. Nígbà ayé àwọn Valentinian yìí, ohun tí olú-ọba tuntun máa ń fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìgorí-ìtẹ́ jẹ́ owó wúrà solidus 5 àti ìwọ̀n pọ́n-ùn fàdákà 1. Iye yìí ni Julian ṣèlérí ní Páríìsì ní ọdún 360 nígbà tí àwọn ọmọ ogun gbé e sórí apata láti fi í jẹ olú-ọba. Ọdún márùn-ún-márùn-ún ni solidus 5 mìíràn tún máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ikú olú-ọba jẹ́ èrè fún ọmọ ogun, bí ó bá sì pẹ́ kó tó kú, èrè náà ń falẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń sanwó fún ọ̀tẹ̀?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí òfin Amiens ní apá kejì: kí a má ṣe san owó ìgorí-ìtẹ́ títí ìwé yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ Augustus kejì pé òun gbà, kí olórí ilé ìṣúra sì jẹ́ ẹni tí yóò pín in fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀gágun kankan. Nígbà náà, ọmọ ogun tó bá kánjú fi ẹnìkan jẹ ń fi owó ara rẹ̀ ṣeré. Nǹkan kan wà nínú ìtàn gidi tí ó lè gbè é lẹ́yìn. Láàárín ọdún 366 sí 368, Valentinian àti Valens tún ètò owó wúrà ṣe: wọ́n ní kí wọ́n yọ́ wúrà owó orí di mímọ́ kí ó tó wọ ilé ìṣúra, àmì OB tó ń sọ pé wúrà náà mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára solidus. Láti ìgbà yẹn, ààfin tó ń rìn kiri pẹ̀lú olú-ọba ni wọ́n ti ń rọ èyí tó pọ̀ jù nínú owó wúrà. Ọ̀tẹ̀ tó bá ti ẹnubodè bẹ̀rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti rí wúrà rọ lójú ẹsẹ̀.

Kò ní dí gbogbo ihò o. Magnus Maximus, ọ̀gágun tó dìtẹ̀, jáde láti Britannia ní ọdún 383, ìdí tí àwọn ọmọ ogun Gratian fi yà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe owó nìkan. Wọ́n ń bínú pé àwọn Alan, ẹ̀yà àjèjì kan, ni Gratian ń kẹ́, pé aṣọ wọn ló tún ń wọ̀. Ẹ̀tẹ́ ni wọ́n kà á sí. Kò sí olórí ilé ìṣúra tó lè wo ìyẹn sàn.

Jagunjagun Orí Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ogun, torí ibẹ̀ ni mo gbà pé ìtàn yìí yóò dúró tàbí ṣubú.

Ìṣòro náà ti pẹ́. Gallienus, tó jọba láàárín ọdún 253 sí 268, kó àwọn ẹlẹ́ṣin tó dára jù lọ jọ sí Mílàn kí wọ́n lè máa sáré lọ síbi tí iná bá ti ń jó. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo, Aureolus, ni agbo ẹlẹ́ṣin yẹn wà, ní ọdún 268 ó dìtẹ̀. Gallienus lọ dó ti Mílàn, àwọn ọ̀gágun tirẹ̀ sì pa á síbẹ̀. Constantine kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ó fọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin ká ní ọdún 312, ó gba ogun jíjà kúrò lọ́wọ́ àwọn olórí wọn tí wọ́n ti di aláṣẹ ìlú, ó sì pín ọmọ ogun sí abẹ́ ọ̀gágun àgbà méjì, ọ̀kan fún ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀kan fún ẹlẹ́ṣin. Títí di ìgbà Valentinian, ìpín yìí ṣì wà, Gaul sì ní ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ikú olú-ọba Theodosius ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 395 ni ọ̀nà Ìlà-oòrùn àti ti Ìwọ̀-oòrùn yà. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ipò ìjọba tó ṣẹ́ kù fún wa láti ìgbà náà fi hàn pé Ìlà-oòrùn ní ọ̀gágun àgbà márùn-ún tí ipò wọn dọ́gba: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú-ọba, ọ̀kan fún ẹnubodè Páṣíà, ọ̀kan fún Thrace, ọ̀kan fún Illyricum. Ẹni tó bá fẹ́ dìtẹ̀ nínú wọn ní láti ka àwọn mẹ́rin yòókù mọ́ ìṣirò rẹ̀. Ní Ìwọ̀-oòrùn, ẹnìkan ṣoṣo ló wà lókè, ọ̀gágun àgbà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó wà láàfin. Ohun tó burú jù níbẹ̀ kéré lójú: olórí akọ̀wé àwọn ọ̀gágun ẹnubodè, láti ọ́fíìsì ẹni yìí ni wọ́n ti ń rán wọn wá. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà rẹ, tó ń ka iye ọmọ ogun rẹ, tó mọ iye oúnjẹ tó kù nínú àká rẹ, ọmọ ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gágun àgbà Stilicho fi lè ṣe bó ṣe fẹ́ fún ọdún 13 ní orúkọ Honorius, tí Aetius fi tẹ̀ lé e, tí Ricimer sì wá sọ ọ́ di òwò: ó pa olú-ọba Majorian ní ọdún 461, ó pa olú-ọba Anthemius ní ọdún 472, òun fúnra rẹ̀ kò sì gorí ìtẹ́ rí.

Nítorí náà, jẹ́ kí Valentinian kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amiens pé Gaul, Illyricum, Ítálì àti Áfíríkà yóò ní ọ̀gágun tó dọ́gba nípò, pé aláṣẹ ìlú ni yóò máa yan olórí akọ̀wé wọn, pé kò sí ẹni tí yóò di ipò méjì mú. Kò gba ọmọ ogun kan ṣoṣo sí i. Ìwé lásán ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó kù sí. Nígbà tí Páṣíà gba ìlú Amida, tí Anastasius, olú-ọba Ìlà-oòrùn, sì rán ọ̀gágun mẹ́ta lọ ní ọdún 503, olúkúlùkù ń ja ogun tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ràn ẹnìkejì lọ́wọ́, àfìgbà tí wọ́n rán Celer lọ láti kó wọn jọ. Bí ọ̀gágun mẹ́rin bá dọ́gba ní Ìwọ̀-oòrùn, kí o múra sílẹ̀ láti kọ orí kan tí wọ́n ti pàdánù ogun tó yẹ kí wọ́n ṣẹ́, torí ẹnìkan dúró tí ó ń wòran ẹnìkejì. Bí o bá fò ó, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní gbà ọ́ gbọ́.

Ìyá Ìbejì

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé pé ẹni tó ṣòfin yóò kú. Ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 375 ni Valentinian kú sí Brigetio létí Danube; ó ń jágbe mọ́ àwọn ikọ̀ ẹ̀yà Quadi ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú rẹ̀. Gratian wà ní Trier, ọmọ ọdún 16. Valens wà ní Antioch ní Síríà, ìrìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìgbà òtútù sì ti wọlé. Lábẹ́ òfin tí ẹ ń dá sílẹ̀ yìí, kò sí Augustus kankan ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn títí ìwé yóò fi lọ tí yóò sì bọ̀, owó kò sì gbọdọ̀ jáde. Ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn? Kí ni wọn yóò máa ṣe lálaalẹ́ lẹ́bàá iná, bí kò ṣe kí wọ́n máa dárúkọ ènìyàn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ dá mi lójú pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe eré. Àwọn ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ ń bẹ̀rù pé Sebastianus, ọ̀gágun kan, ni àwọn ọmọ ogun yóò gbé ga, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gágun Merobaudes fi ọgbọ́n rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn kí ó tó gbọ́ pé olú-ọba ti kú, wọ́n sì sáré lọ gbé Valentinian Kejì, ọmọ ọdún mẹ́rin, láti ilé oko kan tó jìn tó ọgọ́rùn-ún máìlì, níbi tí òun àti Justina ìyá rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó ti di Augustus. Wọ́n fi ọmọdé dí àlàfo kí àgbàlagbà kan má bàa kó sínú rẹ̀.

Torí náà, òfin Amiens gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka kẹta, àwọn adelé. Mi ò ní kí ẹ hùmọ̀ rẹ̀. Ó ti wà lójú ayé wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 364, nígbà tí Jovian kú lójijì sí Dadastana, àwọn aláṣẹ ìlú àti àwọn ọ̀gágun lọ sí Nicaea, wọ́n jókòó, wọ́n dárúkọ ẹni kan, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n dárúkọ ẹlòmíràn, wọ́n tún kọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fẹnu kò sí Valentinian tó wà ní Ancyra. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìtẹ́ fi ṣófo, ìlú kò sì dàrú. Valentinian fúnra rẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́wàá yẹn mú jọba, ìdí rèé tó fi bọ́gbọ́n mu pé òun ni yóò sọ ọ́ di òfin. Kí aláṣẹ Illyricum, tí í ṣe Petronius Probus ní Sirmium ní ọdún 375, jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gágun méjì tí ipò wọn dọ́gba, kí wọ́n máa san owó oṣù àti oúnjẹ lásán, kí wọ́n sì rán orúkọ kan ránṣẹ́ sí Valens. Kì í ṣe kí wọ́n jẹ. Kí wọ́n dárúkọ.

Ẹ fi Dagalaifus sínú ìtàn náà, ẹ jọ̀ọ́. Òun ni ọ̀gágun tó sọ fún Valentinian ní ọdún 364 pé, bó bá jẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ló fẹ́ràn, ó ní àbúrò. Bó bá jẹ́ ìlú ló fẹ́ràn, kó wá ẹni tí yóò wọ̀ láṣọ ọba. Àbúrò náà ló mú. Ẹni tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójúkojú, tí kò sì fi pa ẹni tó sọ ọ́, a lè gbà pé òfin lè wọ̀ ọ́ létí lọ́jọ́ tí àìsàn bá dẹ́rù bà á.

Bàbá Olùkọ́

Ìyá Ìbejì ti tún ilé náà kọ́. Mo kàn fẹ́ sọ ibi tí omi lè gbà lọ lẹ́yìn náà, nítorí Akọ̀tàn kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo nǹkan yóò dára.

Bí àwọn adelé bá dárúkọ Sebastianus, tí Valens sì fọwọ́ sí i, Ìwọ̀-oòrùn ní àgbàlagbà lórí ìtẹ́ ní ọdún 376, ọdún náà gan-an tí àwọn Goth dé etí Danube tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ láti sọdá. Nínú ìtàn gidi, Sebastianus kú ní Adrianople ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 378 pẹ̀lú Valens, pẹ̀lú ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun 35, àti nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ogun tó wà lójú pápá. Ọ̀kan nínú ohun tó mú kí Valens kánjú jà ni ìlara: Gratian, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun ẹ̀yà Lentienses ní Argentovaria, Valens kò sì fẹ́ dúró kí ọmọdékùnrin náà wá bá a pín ògo. Bí Gratian bá ṣì jẹ́ Késárì, tí àṣẹ rẹ̀ sì ń ti ọwọ́ Augustus wá, ó ṣeé ṣe kí Valens dúró. Mo ní ó ṣeé ṣe. Òùngbẹ àti oòrùn ọjọ́ yẹn, àti àwọn ẹlẹ́ṣin Goth tó padà dé lójijì, òfin kò kàn wọ́n.

Ohun kejì ni pé wọ́n pa Theodosius àgbà, ọ̀gágun tó pa iná ọ̀tẹ̀ Firmus ní Áfíríkà, ní Carthage ní ọdún 376, láàárín ìdàrúdàpọ̀ tó tẹ̀ lé ikú Valentinian. Bí kò bá sí ìdàrúdàpọ̀, bóyá ó yè. Bí ó bá yè, tí kò sì sí Adrianople, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi pe Theodosius ọmọ rẹ̀ láti Sípéènì wá jọba ní ọdún 379, a jẹ́ pé Honorius àti Arcadius, àwọn ọmọ Theodosius yìí, kò dé orí ìtẹ́ rárá. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ yóò ti kúrò lọ́wọ́ ìtàn wa pátápátá.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tó ń kọjá Rhine ní ìparí ọdún 406 yóò ṣì kọjá. Àwọn olóko ńlá yóò ṣì máa fi owó dípò àwọn òṣìṣẹ́ oko tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yóò sì ṣì máa gé àtàǹpàkò ara wọn kí wọ́n má bàa mú wọn.

Owó Ni Kókó

Kí ẹ fi Áfíríkà kún un. Nígbà tí ẹ̀yà Vandal gba Carthage ní ọdún 439, wọ́n gba owó orí àti ọkà tí ó ń bọ́ Ítálì. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Valentinian Kẹta sọ ọ́ ní gbangba nínú òfin rẹ̀ pé owó tó ń wọlé kò tó bọ́ àwọn ọmọ ogun tó wà, ká má tíì sọ ti tuntun, ó sì gbé owó-òde lé ọjà títà, ìdá kan nínú 24. Bí Ìwọ̀-oòrùn tìrẹ bá ní ọ̀gágun mẹ́rin tó dọ́gba, rí i dájú pé ẹni tó wà ní Áfíríkà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ibẹ̀ jẹ níyà. Ní ọdún 427, ọ̀gágun Bonifatius wà níbẹ̀ tí ààfin ń rán ọmọ ogun wá bá a jà, ọdún 429 ni àwọn Vandal sọdá wá sí Áfíríkà.

Akọ̀tàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pa orí àkọ́kọ́ rẹ́. Ìtàn náà kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Diocletian mọ́; Amiens ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ará Gaul mélòó kan ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa Rusticus Julianus, tí ẹnìkan sì ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Òfin náà yóò ní ẹ̀ka mẹ́rin: ọdún 25, ìwé Augustus kejì kí owó tó jáde, àwọn adelé, àti ọ̀gágun tó dọ́gba pẹ̀lú akọ̀wé tó wá láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ìlú. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ogun kan tí wọn yóò pàdánù nítorí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jagunjagun ṣe wí, mo sì rò pé etí Rhine ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Nínú orí kejì, ikọ̀ yóò gbé ìwé òfin náà dé ọ̀dọ̀ Valens ní Constantinople kí ó lè fi èdìdì tirẹ̀ sí i.

Bàbá Olùkọ́

Má gbé e lọ sí Constantinople. Ní ọdún 367, ogun Goth ni Valens wà, ó ti sọdá Danube nígbà ẹ̀rùn, Marcianople sì ni ó ti lo ìgbà òtútù. Kí ikọ̀ rẹ bá a níbẹ̀, nínú àgọ́, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.